Gíláàsì Ńlá Ilé Wa ní Bàrígà

Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá ó yẹ kéèyàn ra tábúlẹ́ẹ̀tì gbàǹgbà, irú èyí tó fẹ̀ tó àwo tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ fún àlejò. Wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ títo ojú ìwé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, wọ́n sì ti rí ọ̀kan nílé wa. Wọ́n á ní, "Àǹtí, ṣé ó wúlò fún iṣẹ́? Ṣé èèyàn lè fi wo fíìmù dáadáa?" Mo máa ń sọ fún wọn pé ó wúlò. N kì í parọ́. Ó wúlò fún iṣẹ́, ó wúlò fún fàájì, ó sì wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìkà tí kò fẹ́ kí wọ́n rí ọwọ́ òun níbẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni n kì í sọ, torí pé ọjà ni wọ́n fẹ́ rà, wọn ò bi mí léèrè ìtàn ìdílé mi.

Ọmọ bàbá mi ló gbé e wá. Bàbá kan náà ló bí wa, ìyá wa ló yàtọ̀. Òun ni àkọ́bí, òun ni dáwódù ilé. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ ìyálé, ti kú kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún mi yàtọ̀ sí òsì. Ìyá tèmi ni ìyàwó kejì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wa, Onítẹ̀bọmi paraku, ìyàwó àkọ́kọ́ nìkan ló sì fi òrùka gbé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í ṣe ẹni tó rìn wọlé fúnra rẹ̀. Àwọn ẹbí bàbá mi ló lọ tọrọ rẹ̀, wọ́n gbé obì àti oyin dání, àbúrò bàbá mi tó wà láàyè títí dòní sì wà lára àwọn tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lọ́jọ́ ìdána náà.

Ọdún Kérésì ni bọ̀dá mi gbé nǹkan náà dé. Bàbá wa ti wà lórí ibùsùn nígbà náà, àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba apá ọ̀tún rẹ̀. Bọ̀dá mi wọlé láti Palmgrove tòun ti páálí pẹrẹsẹ kan lábẹ́ abíyá.

"Iṣẹ́ àti fàájì, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀," ló wí. "Ìwọ á máa fi ṣiṣẹ́, Dádì á máa fi wo bọ́ọ̀lù, Màmá Bàrígà á máa fi wo fíìmù. Ẹ ò nílò tẹlifíṣọ̀n mọ́ nìyẹn."

Màmá Bàrígà ló máa ń pe ìyá mi. Kò pè é ní Mọ́mì rí láyé rẹ̀, àfi bíi pé àdúgbò ló bí wa. Ìyá mi ò bínú sí i. Èmi ni mo máa ń bínú fún un. Lọ́jọ́ yẹn, ṣe ni ìyá mi ń ṣàdúrà fún un títí ọkùnrin náà fi wọ mọ́tò, tó ń ní Ọlọ́run á máa gbé e ga, ọmọ tiẹ̀ náà á máa rántí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tiṣẹ́. Ní Ṣómólú, ilẹ̀ máa ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé orin, ìwé ètò ìsìnkú, gbogbo rẹ̀ là ń ṣe. Láti ìgbà tí àwọn ológun ti lọ, tí àwọn alágbádá ti gbàjọba, pósítà olóṣèlú tún wá di oúnjẹ wa nígbàkígbà tí ìdìbò bá sún mọ́lé. Gíláàsì ńlá tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn jẹ́ kí n lè rí ojú ewé méjì lẹ́ẹ̀kan náà láìfún ojú pọ̀, mo sì lè jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bàbá mi kí n máa ṣiṣẹ́. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n àwọ̀ orí gíláàsì kì í ṣe àwọ̀ orí ìwé: iná ló wà lẹ́yìn ti gíláàsì, tàdáwà lásán ló wà lórí ìwé. Olóṣèlú kan wo ojú ara rẹ̀ lórí tábúlẹ́ẹ̀tì mi, ó rí i pé òun pupa dòdò, inú rẹ̀ dùn. Nígbà tí pósítà jáde, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ọ̀gá onítẹ̀wé létí. Mo ní kó lọ bá ìyá tó bí i jà.

Kò sí báàgì tí nǹkan náà wọ̀. Ìró ni mo fi máa ń wé e tí mo bá ń gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé, bí ẹni tó jí tẹlifíṣọ̀n gbé. Lọ́jọ́ òjò kan mo fi ọ̀já dì í sẹ́yìn, mo sì da aṣọ bò ó. Ìyá kan ní Onípánù kígbe sí mi pé, "Ẹ kú ọwọ́ lómi o! Ẹ má jẹ́ kí òjò pa ọmọ yẹn!" Mo ní ẹ ṣé, mà. Mo sì rọra ń jó o lẹ́yìn títí mo fi kọjá.

Ní ti fàájì, n ò lè sọ pé kò ṣe bàbá wa lóore. Ọrùn rẹ̀ ò yí dáadáa mọ́, fóònù lásán ò sì lè tó o rí. A ó gbé gíláàsì náà sórí àga níwájú rẹ̀, á máa wo bọ́ọ̀lù, ìyá mi á máa nu itọ́ ẹnu rẹ̀. Bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, apá òsì rẹ̀ á sọ sókè. Mo fẹ́ràn láti máa wo ìyẹn ju bọ́ọ̀lù lọ.

Bọ̀dá mi náà rí ìlò tiẹ̀ nínú rẹ̀. Orí rẹ̀ ló ti máa ń pè wá, ojú rẹ̀ á kún gíláàsì bámúbámú, á ní, "Dádì, ẹ kú ìrọ́jú o. Ara ń yá díẹ̀díẹ̀, àbí?" Dádì á mi orí. Á tún ní, "Màmá Bàrígà, ẹ kú ìtọ́jú." Ó ti parí nìyẹn. Kí ó tó gbé e wá, ó máa ń yà wá wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á jókòó, á gbé bàbá rẹ̀ dìde fún ìyá mi kó lè tún bẹ́ẹ̀dì ṣe. Nígbà tí gíláàsì dé, kò yà wá wò mọ́. Láti Palmgrove sí Bàrígà, ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn ín á rìn ín. Ìyá mi ló ń dá gbé bàbá mi, òun ló ń yí i, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fọ aṣọ tó bá bàjẹ́ lára rẹ̀, ojú ńlá yẹn á sì máa kí i kú ìtọ́jú lórí àga.

Òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ni ìyá mi ń tà fún àwọn aránṣọ, ní ìsọ̀ kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Kò mọ̀wé. Àwọn òbí rẹ̀ rán àwọn ọkùnrin lọ sílé ìwé, wọ́n ní òun á lọ ilé ọkọ. Ní ọ̀sán kan tí bàbá mi sùn, ó wá dúró sẹ́yìn mi, ó ń wo bí mo ṣe ń fa lẹ́tà kan tó kéré títí tó fi fẹ̀.

"Ṣé o lè fa orúkọ mi náà báyẹn?"

Mo kọ orúkọ rẹ̀, mo sì fà á títí ó fi gba gíláàsì tán. Ó tẹ̀ síwájú wò ó. Ó ní, "Àṣé bọ́tìnnì ló ṣáájú orúkọ mi." Òótọ́ ni, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀ rí roboto. Mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń yàwòrán, mo ní kó fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà náà, àwọ̀ pupa sì ń jáde tẹ̀ lé ìka rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ọjà bá dá, á ní kí n ṣí bọ́tìnnì òun fún òun. Ó kọ́kọ́ kọ́ orúkọ ara rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ó kọ́ orúkọ bàbá mi tó ń jẹ́ mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí aya rẹ̀. Ìka rẹ̀ ti le nítorí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ ọ. Tí ẹ bá bi mí pé ìgbà wo ni nǹkan yẹn wúlò jù lọ nílé wa, ìgbà yẹn ni. Inú ń bí mi nísinsìnyí pé ìgbà yẹn náà ni.

Bàbá wa kú ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn tí ìyá mi wẹ̀ ẹ́ tán. Àwọn ẹbí kóra jọ sí pálọ̀ wa láti jíròrò ìsìnkú. Èmi ni wọ́n ní kí n to ìwé ètò ìsìnkú, ta ni wọn ì bá tún gbé e fún?

Lọ́dọ̀ wa, ìwé yẹn kì í ṣe ìwé lásán. Ibẹ̀ ni ẹbí ti ń sọ fún ayé ẹni tó jẹ́ tiwọn. Ẹni tó wá síbi òkú á mú tiẹ̀ lọ sílé, á fi í sáàárín Bíbélì, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún wọ́n ṣì lè yọ ọ́ láti fi yanjú ìjà. Mo ti to ti òkú olókùú títí mo fi mọ̀ pé ojú ewé orin kọ́ ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń ṣí, ojú ewé àwọn tó gbẹ̀yìn olóògbé ni. Orúkọ ìyá mi ni mo fi ṣáájú níbẹ̀: Ìyàwó, orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá mi. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ, bọ̀dá mi ló síwájú; lẹ́yìn wọn ni àwọn ọmọ-ọmọ.

Nítorí pé gíláàsì náà fẹ̀, gbogbo wọn lè wò ó pa pọ̀. Tẹ́lẹ̀, ìwé kan ṣoṣo là bá máa gbé láti ọwọ́ dé ọwọ́, àwọn àgbà á wò ó tán kó tó kan àwọn ọmọdé. Báyìí, gbogbo ẹbí dorí kọ ọ́, oníkálùkù sì ń na ìka. Èèyàn wa ò lè rí orúkọ kó má fọwọ́ tọ́ka sí i. Bí wọ́n bá ti tọ́ka, ìka á kan gíláàsì, orúkọ á sún, àwòrán á fò. Àbúrò bàbá mi yọ áńkáṣíìfù, ó fi nu ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àwòrán náà sì yí dorí kodò.

Mo pariwo. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án!"

"Ṣé iná ni?" ni bàbá náà wí. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Mo fi hàn wọ́n pé kò sí ìbẹ̀rù, nǹkan kàn ń sún ni, kì í sọnù. Mo ní tí èèyàn bá tiẹ̀ fẹ́ pa nǹkan rẹ́, ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ béèrè, á gbé ìbéèrè náà síwájú ẹni gbàǹgbà pé ṣé lóòótọ́ lo fẹ́ pa á rẹ́, kò ní pa á àfi téèyàn bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ṣe é lójú wọn. Bọ̀dá mi sún mọ́ ọn láti wò ó dáadáa.

Ìyá mi jókòó lórí ẹní ní ìkángun pálọ̀, níbi tí wọ́n ní kí opó jókòó sí. Láti ibẹ̀ ló ti na ọwọ́. "Èmi nìyẹn. Bọ́tìnnì mi ló ṣáájú yẹn." Àwọn obìnrin ilé pàtẹ́wọ́ fún un pé ìyàwó ti di ọ̀mọ̀wé. Bọ̀dá mi ò pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n ń tú ká, ó wé gíláàsì náà nínú ìró mi. Ó ní òun á gbé e lọ kí àwọn tí kò lè wá rí i, láti ibẹ̀ òun á gbé e dé ọ̀dọ̀ onítẹ̀wé.

"Bọ̀dá mi, onítẹ̀wé mi ń dúró dè mí ní Ṣómólú."

"Ọlọ́fọ̀ kì í to ìwé òkú bàbá ẹ̀ kó tún lọ tẹ̀ ẹ́," ló wí. "Mo ti rí onítẹ̀wé. Èmi ni dáwódù, ọwọ́ mi ló yẹ kó ti jáde. Lọ jókòó ti màmá ẹ, má wọ́rì."

Àwọn àgbà ní ó sọ̀rọ̀ ọmọ. Ta ni mo jẹ́ tí mo fẹ́ gba òkú bàbá lọ́wọ́ àkọ́bí? Mo lọ jókòó ti ìyá mi. Bọ̀dá mi dá tábúlẹ́ẹ̀tì padà lọ́jọ́ kejì, ó ní gbogbo èèyàn ló yìn ín.

Wọn ò gbé ìwé dé títí di àárọ̀ ìsìnkú. Ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń pín in. Àwọn tó wá pọ̀: àwọn ará ìlú, àwọn ará ọ́fíìsì bọ̀dá mi, àwọn aránṣọ tó ń ra òwú lọ́wọ́ ìyá mi, gbogbo wọn mú kọ̀ọ̀kan dání. Ìyá mi gba tiẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Kò wo àwòrán ọkọ rẹ̀ pẹ́, ó mọ ojú yẹn tẹ́lẹ̀. Ó ń ṣí i. Ó fi ìka sórí ojú ewé kan, ó fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ, ó ṣí òmíràn. Wọ́n ti ń kọ orin, ó ṣì ń wá a. Ó wá a láàárín orin, ó wá a lábẹ́ Bíbélì kíkà, ó tún padà síbẹ̀rẹ̀. Mo rò pé kò mọ ojú ewé tó wà ni.

Ó tẹ̀ sí mi létí. "Bọ́tìnnì mi dà?"

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣí i síbi tí ó yẹ. Àwọn ọmọ ló ṣáájú, bọ̀dá mi lókè pátápátá, àwọn ọmọ-ọmọ tẹ̀ lé wọn. Kò sí ìyàwó kankan. Kò tiẹ̀ sí àlàfo. Wọ́n ti fa àwọn ọmọ sókè, wọ́n sì pín àyè náà dọ́gba, débi pé ẹni tí kò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò lè mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ti wà níbẹ̀ rí. Mo fẹ́ dìde kí n pariwo nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi sì di ọwọ́ mi mú. Ó ti rí ìdáhùn náà lójú mi.

Nílé, lẹ́yìn tí a ti sin òkú tán, mo gbé ìwé náà síwájú bọ̀dá mi lójú gbogbo ẹbí. Mo bi í pé níbo ni ó gbé ìyá mi sí.

Ó gbà á, ó wò ó, ó ṣe háà. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. "Ẹ̀rọ yẹn! Ó ti fẹ̀ jù. Ìka kan ṣèèṣì kàn án, nǹkan ti sá lọ. Ṣebí ìwọ náà lò ń pariwo lọ́jọ́ sí pé ká má fọwọ́ kàn án?"

Gbogbo wọn mí kanlẹ̀. Mo rí i bí ara ṣe tù wọ́n. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, lójú àwọn ni nǹkan ń fò síwá-sẹ́yìn. Àbúrò bàbá mi, tó dọ̀bálẹ̀ tọrọ ìyá mi, ló sọ ọ́ jáde: "Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ ò mọ ìyàwó yàtọ̀ sí ọmọ."

"Ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n, sà," ni mo wí. "Ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi máa ń béèrè. Mo fi hàn yín. Ó béèrè pé ṣé lóòótọ́ lo fẹ́ pa á rẹ́. Ẹnìkan dáhùn. Ìka tó sì ṣèèṣì kì í padà wá dí àlàfo."

Bọ̀dá mi ń wo ilẹ̀. Ká ní ó sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni kò fẹ́ ìyàwó kejì, ká ní ó sọ pé nítorí ìyá òun tó kú ni, n bá bínú, ṣùgbọ́n n bá gbọ́. Àbúrò bàbá mi ní ó tó, kí n jẹ́ kí bàbá mi sinmi, pé gbogbo ayé ló mọ ẹni tó tọ́jú ọkùnrin náà. Wọ́n gbé oúnjẹ wá. Mo kórìíra gbogbo wọn lọ́jọ́ yẹn, n ò sì tíì mọ ọjọ́ tí ó máa tán lára mi.

Nígbà tí èrò ti lọ tán, mo gbé ojú ewé tèmi, èyí tí mo ti fi pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà mi kí ẹbí tó rí i, lọ sí Ṣómólú. Onítẹ̀wé mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó wá bébà tó nípọn, ó tẹ̀ ẹ́ fún mi, ó sì gé etí rẹ̀ dáadáa. Mo mú un wá fún ìyá mi nínú ìsọ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ rárá kí ìka rẹ̀ tó balẹ̀ sórí bọ́tìnnì náà, ó sì tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀ títí dé ìparí, dé orúkọ bàbá mi.

"Ó dára," ló wí. "Mélòó lo tẹ̀?"

"Ẹyọ kan, mà. Tiyín ni."

"Àwọn tó wà nílé oníkálùkù ńkọ́? Èyí tí wọ́n ti mú lọ?"

Ó rọra ká ìwé náà, ó fi í sí abẹ́ páálí síìpù, níbi tí oníbàárà ò ti ní rí i.

"Ó já sí pé èmi nìkan ni mo wá mọ̀ pé bàbá ẹ fẹ́ mi."

Kò bẹ̀ mí mọ́ kí n ṣí orúkọ rẹ̀ fún òun. Tó bá ti pa ìsọ̀ dé, á jókòó níwájú gíláàsì náà, á sì ní kí n ṣí fíìmù.